Ọjọ́ Tí Mo Gbé Irin Sílẹ̀

Ọdún méjìlélógún ni mo fi lu àgogo
nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ etí Odò Àlà, nílùú Àkúrẹ́.
Àgogo ọ̀hún kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì:
rìmù ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kú sójú ọ̀nà Òdá ni,
a fi wáyà so ó rọ̀ mọ́ igi máńgòrò.
Bí mo bá fi irin nà án lẹ́ẹ̀kan péré,
ẹyẹ a fò, ewúrẹ́ a sá,
àwọn ọmọ a dà sí pápá bí ìrẹsì tó tú nínú àpò.
Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́.
Èmi tí n kò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà,
èmi ni mò ń sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé pé àkókò tó.

Ni wọ́n bá mú Akinfọlárìn wá, ọmọ ọdún méje.
Ará Oǹdó ni ìyá rẹ̀, ó ń ránṣọ n'Ísìnkàn.
Ọmọ náà kì í wo ojú èèyàn.
Òkúta wẹẹrẹ ló máa ń tò, láti kékeré dé ńlá,
bí o bá yọ ẹyọ kan ní àárín, á mọ̀.
Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé irin sókè, igbe!
Á wọ abẹ́ tábìlì, á fọwọ́ méjèèjì di etí,
á máa fi orí gbá ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì.
Àwọn kan ní àìsàn ni. Àwọn kan ní àkẹ́jù ni.
Tíṣà kan yọ pàṣán, ó ní igbe ọ̀hún á tán.
Kò tán.
Èmi náà ní: ta ni àgogo í pa?

Ìyá rẹ̀ wá bá mi nídìí igi lọ́jọ́ kan.
Kò bẹ̀ mí, kò sunkún. Okùn ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé etí yín lé rìmù yìí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo gbé etí lé e.
Ó gba irin lọ́wọ́ mi, ó lù ú.
Kò tilẹ̀ fi agbára lù ú.
Ohun funfun kan gba inú agbárí mi kọjá,
eyín mi gbọ̀n, mo jókòó sílẹ̀ láìrò tẹ́lẹ̀.
"Bó ṣe ń gbọ́ ọ nìyẹn," ló wí,
"láti inú kíláàsì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́."

A ní ìka ò dọ́gba, gbogbo wa la gbà bẹ́ẹ̀.
Etí ńkọ́? Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú gèlè pupa ìyàwó mi tó ti sùn,
mo so ó mọ́ orí ọparun, mo gbé e sókè.
Àwọn tíṣà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.
Ọjọ́ kẹta, ìsinmi gùn títí dé ọ̀sán gangan,
kò sẹ́ni tó rí aṣọ,
ọ̀gá ní bí alábẹ̀wò bá dé, èmi ni yóò jẹ́jọ́.

Ta ló kọ́kọ́ rí i? Akinfọlárìn.
Ẹni tí kì í wojú èèyàn ń wo igi.
Ó ń lọ láti kíláàsì dé kíláàsì,
ó ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sára ilẹ̀kùn, kò sọ̀rọ̀,
àwọn ọmọ sì ń tẹ̀ lé e.
Ọmọ́yẹlé tó wà ní ìwé márùn-ún náà ń jáde,
ẹni tí a ti ń nà fún pípẹ́ láti ọdún kẹta,
àṣé etí rẹ̀ kò gbọ́ràn rárá.
A ò mọ̀. A kàn ń nà án ni.

Mi ò ní ohun gbogbo dára o.
Bí òjò bá ń lu páànù, ọmọ náà ṣì ń ké.
Wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú yàrá ìkówèésí,
tíṣà tó yọ pàṣán lọ́jọ́sí ló ń ti fèrèsé.
Ọwọ́ mi ṣì ń yún mi lágogo méjọ òwúrọ̀.
Alángbá ti fi rìmù ṣelé.

Lánàá, ó jókòó tì mí nídìí máńgòrò,
ó fi òkúta kékeré kan sí mi lọ́wọ́.
Mi ò mọ ibi tó bọ́ sí nínú ìtò rẹ̀.
Mo dì í mú.